Ọ̀gá Tí Kì í Gba Ọmọ Ẹ̀kọ́ṣẹ́, Tó Ní Òun Ò Rí Òṣìṣẹ́

Ọ̀rọ̀ kan ti ń lọ káàkiri, ó ti wọ àárín wa báyìí, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà tí mo bọ̀wọ̀ fún. Wọ́n ní àwọn ilé iṣẹ́ tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ ní iṣẹ́ nílẹ̀ rẹpẹtẹ, òṣìṣẹ́ ni wọn ò rí. Wọ́n ní iṣẹ́ wà, owó wà, àwọn ọmọ wa ni kò mọ nǹkan kan. Ní ìpàdé ẹgbẹ́ tó kọjá, ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, òun náà ni wọ́n fi parí. Àbá tó tẹ̀lé e ni pé kí a kó owó tó wà nínú àpò ẹgbẹ́, kí a fi rán ọmọ mẹ́wàá lọ sí Kútọnu lọ gba ìwé ẹ̀rí olóṣù mẹ́ta. Wọ́n ní tí ìwé bá ti dé ọwọ́ wọn, iṣẹ́ ti dé nìyẹn.

Mo ní kò rí bẹ́ẹ̀. Mo sì ní owó yẹn máa ṣòfò tí a bá ná an bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe pé mo kórìíra ẹ̀kọ́, n kò sì fẹ́ ta ko àwọn àgbà lásán. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé a ti gba ẹ̀bi tí kì í ṣe tiwa, a wá fẹ́ fi owó ìdáwó àwọn ìyá wa tó ń ta gàrí san án.

Ẹ lọ ka ìkéde iṣẹ́ tí àwọn ilé iṣẹ́ wọ̀nyí ń gbé jáde. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń béèrè BAC, pẹ̀lú ọdún mẹ́ta tàbí márùn-ún ní yunifásítì lórí rẹ̀. Ó ń béèrè pé kéèyàn ti ṣe irú iṣẹ́ náà gan-an fún ọdún mẹ́ta ó kéré tán. Kó gbọ́ Faransé, kó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Kó mọ irinṣẹ́ mẹ́fà tàbí méje tí orúkọ wọn ń yí padà lọ́dọọdún. Àwọn míì á tún kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé ọ̀dọ́ ni àwọn ń wá, kó má ju ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lọ. Ẹ bá mi ṣe ìṣirò yẹn, ẹ jọ̀ọ́. Ọmọ tó gba BAC nígbà tó pé ogún ọdún, tó lo ọdún márùn-ún ní Calavi, ìgbà wo ló fẹ́ ṣe iṣẹ́ ọdún mẹ́ta náà? Ta ló máa gbà á síṣẹ́ nígbà tí kò tíì ṣe é rí? Nínú gbogbo ìkéde yẹn, ẹ wá ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé: máa bọ̀, a ó kọ́ ọ. Ẹ máa pẹ́ kí ẹ tó rí i.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ kò ju pé gbogbo wọn ń fa ọmọ kan náà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ilé iṣẹ́ kan á fi owó tàn án kúrò lọ́dọ̀ èkejì, èkejì á lọ fa ti ẹ̀kẹta. Nígbà tó bá yá, ará Kánádà tàbí ará Lọ́ńdọ̀nù á fi owó tó ju ti gbogbo wọn lọ gbé e lọ pátápátá. Wọ́n á wá jókòó yí tábìlì ká, wọ́n á máa ṣọ̀fọ̀ pé òṣìṣẹ́ ti di ọ̀wọ́n. Kò sí ẹni tó gbin tuntun nínú wọn.

Ẹ jẹ́ ká wo ojú títì Ikpinlè lọ́jọ́ ọjà. Aránṣọ tó wà níbẹ̀, mẹkáníìkì tó ń tún ọ̀kadà ṣe, ajórin, káfíńtà, onídìrí, ta ló kọ́ wọn níṣẹ́? Nígbà tí ẹ bá mú ọmọ lọ sọ́dọ̀ aránṣọ, ṣé ọ̀gá máa ń bi í pé ọdún mélòó lo ti fi ránṣọ? Tó bá ti ń ránṣọ, kí ló ń wá wá sọ́dọ̀ rẹ̀? Ẹ ó jókòó, ẹ ó sọ iye ọdún, ẹ ó sọ owó, ẹ ó fọwọ́ sí ìwé, ẹlẹ́rìí á wà níbẹ̀. Ọmọ á gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, á máa wo ọwọ́ ọ̀gá. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gán bọ́tìnnì, á máa lọ aṣọ. Ó máa ba aṣọ jẹ́, ọ̀gá máa pariwo, ọ̀gá máa ra aṣọ míì fún oníbàárà, ayé ò ní parẹ́. Tó bá di ọdún kẹta, òun ló ń gé aṣọ nígbà tí ọ̀gá bá lọ síbi òkú. Lẹ́yìn náà ni ọjọ́ òmìnira, tí àwọn ará Kútọnu ń pè ní libération: àdúrà, ọtí, fọ́tò, síṣọ́ọ̀sì tuntun, gbogbo ẹbí á jó. Ọdún tó bá tẹ̀ lé e, òun náà á gba ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tirẹ̀.

Mo mọ àbùkù ètò yìí. Mo mọ ọ̀gá tó sọ ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ di ọmọ ọ̀dọ̀, tó ń rán an lọ sóko, tó ń fi ọdún méjì kún ọdún rẹ̀ láìnídìí. Ìyẹn wà, ó sì yẹ ká máa bá wọn wí. Ìjọba ti fi ìdánwò CQM sí òpin ẹ̀kọ́ṣẹ́, kí ọmọ lè ní ìwé tí wọ́n mọ̀ káàkiri ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, kí ọ̀gá burúkú kan má lè dè é mọ́lẹ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ronú sí èyí: ẹ ò gbọ́ ọ rí kí ẹgbẹ́ àwọn aránṣọ kó ara wọn jọ lọ bá mínísítà pé àwọn ò rí aránṣọ. Kò ṣẹlẹ̀ rí. Wọ́n pọ̀ débi pé wọ́n ń du oníbàárà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Àwọn tí ò kàwé ló ṣe ètò tó ń bí òṣìṣẹ́ lọ́dọọdún, àwọn tó kàwé jù láyé ni kò rí ẹni gbà.

Ẹ má rò pé ẹnu lásán ni mò ń sọ. Ẹ jẹ́ ká dé Èkó, tó sún mọ́ wa ju Parakou lọ. Ní 2014 ni wọ́n dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ níbẹ̀ tó ń jẹ́ Andela. Ohun tí wọ́n ṣe fẹ́ jọ ti aránṣọ wa. Wọ́n wá àwọn ọ̀dọ́ tó ní làákàyè, wọ́n ń kọ́ wọn bí a ṣe ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà, wọ́n ń sanwó fún wọn bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ. Lẹ́yìn náà, àwọn ọmọ náà á máa jókòó sí Èkó, wọ́n á máa ṣiṣẹ́ fún àwọn ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà. Àwọn tó forúkọ sílẹ̀ pọ̀ débi pé ìwọ̀nba kékeré ni wọ́n rí gbà. Ẹ rántí ìyẹn nígbà tí ẹnì kan bá tún sọ pé ọmọ wa ò fẹ́ kọ́ṣẹ́. Ní 2016, àjọ Mark Zuckerberg àti ìyàwó rẹ̀ ṣíwájú àwọn tó kó 24 mílíọ̀nù dọ́là lé e. Gbogbo ayé ń pàtẹ́wọ́.

Ó di oṣù kẹsàn-án 2019, Andela dá nǹkan bí 250 dúró nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí ní Nàìjíríà àti Uganda. Wọ́n ní ó tún lè kan 170 míì ní Kenya. Kí ni wọ́n ní ó fà á? Wọ́n ní àwọn oníbàárà àwọn ò béèrè ọmọ tuntun, àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ni wọ́n ń béèrè. Àwọn ọmọ tó ti kọ́ṣẹ́ wà nílẹ̀ ju iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ gbé fún wọn lọ.

Ẹ tún un kà. Ní àkókò tí gbogbo ìwé ìròyìn ń kígbe pé òṣìṣẹ́ kọ̀ǹpútà ò sí, àwọn tó kọ́ṣẹ́ náà dáadáa, tí wọ́n yàn láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún, tí wọ́n ń kàn sí wọn láti Amẹ́ríkà, àwọn yẹn gan-an ni wọ́n ní kí wọ́n máa lọ sílé. N kò dá Andela lẹ́bi jù. Wọ́n gba ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́, èyí tí àwọn tó kù ò ṣe. Àwọn tó kọ̀ ni àwọn oníbàárà, àwọn tó fẹ́ jẹ àsáró, tí wọn ò fẹ́ rí ẹni tó ń bó iṣu.

Bóyá ẹnì kan á sọ pé ti ilẹ̀ adúláwọ̀ nìyẹn, òyìnbó ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ láàárín ara wọn. Ẹ gbọ́ ti Amẹ́ríkà. Ibẹ̀ ni igbe àìrí òṣìṣẹ́ ti pọ̀ jù. Ọdọọdún ni àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ibẹ̀ ń bẹ ìjọba pé kó jẹ́ kí àwọn kó àlejò wọlé sí i lórí físà H-1B, tí òfin fi sí 65 000 lọ́dún, àti 20 000 míì fún àwọn tó gba oyè gíga níbẹ̀. Kò burú. Ṣùgbọ́n ní 2010, ìjọba Amẹ́ríkà ká àwọn kan mọ́ ibi tí kò yẹ: Apple, Google, Intel, Adobe, Intuit àti Pixar. Wọ́n ti bá ara wọn dì í ní àdìkọ̀kọ̀ pé ẹnì kan ò gbọdọ̀ pe òṣìṣẹ́ ẹnì kejì wá síṣẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ pè wọ́n lẹ́jọ́. Nígbà tó di 2015, ilé ẹjọ́ fọwọ́ sí i pé kí Apple, Google, Intel àti Adobe san 415 mílíọ̀nù dọ́là.

Ẹni tí kò rí òṣìṣẹ́ lóòótọ́, ṣé irú àdéhùn yẹn ló máa ṣe? Ṣebí ńṣe ni yóò fi owó kún owó. Tí ẹ̀gẹ́ bá ṣọ̀wọ́n, gàrí á wọ́n, ọmọdé wa mọ ìyẹn. Àwọn wọ̀nyí fẹ́ kí ẹ̀gẹ́ ṣọ̀wọ́n, kí gàrí sì wà ní iye àná. Láàárín oṣù kọkànlá 2022 sí oṣù kìíní 2023, Meta kéde pé òun máa dá 11 000 òṣìṣẹ́ dúró, Amazon 18 000, Google 12 000, Microsoft 10 000. Oṣù mẹ́ta péré nìyẹn o. Títí dòní, igbe náà kò dáwọ́ dúró.

Ẹ jẹ́ ká padà wá sílé. Ìjọba Ààrẹ Patrice Talon dá Sèmè City sílẹ̀, Epitech tó wá láti ilẹ̀ Faransé ti ń kọ́ni níbẹ̀ láti 2019. Nígbà tí wọ́n ń bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ rẹpẹtẹ ni wọ́n ní àwọn fojú sí. IFRI wà ní Abomey-Calavi. IMSP wà ní Dangbo, nítòsí Àjàṣẹ́, àwọn ọmọ tó ń jáde níbẹ̀ mọ ìṣirò débi pé wọn ò ní í fojú di wọ́n níbikíbi. N kò bú ọ̀kankan. Mo ń fẹ́ kí ọmọ Oko-Akarè dé gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ yàtọ̀ sí ọ̀gá iṣẹ́. Ilé ẹ̀kọ́ lè kọ́ ọmọ ní bí ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe ń ṣiṣẹ́, kò lè fún un ní oníbàárà tó ń bínú nítorí pé ìgbéyàwó di ọ̀la. Nàìjíríà náà ti gbé ètò 3MTT jáde láti 2023, mínísítà wọn Bosun Tijani ní mílíọ̀nù mẹ́ta ni àwọn fẹ́ kọ́. Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbéèrè tèmi ni pé ọ̀gá mélòó ló ti ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ dè wọ́n?

Òfin tiwa náà sì wà níbẹ̀. Òfin 2017-05, ti oṣù kẹjọ 2017, gba agbanisíṣẹ́ láàyè láti máa tún àdéhùn onígbà díẹ̀ ṣe lemọ́lemọ́, láìsí iye ìgbà tí yóò dúró. Ẹni tí wọ́n gbà fún oṣù mẹ́fà lè wà níbẹ̀ ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà títí irun rẹ̀ á fi funfun. Wọ́n ní òfin náà á jẹ́ kí àwọn ilé iṣẹ́ máa gba èèyàn láìbẹ̀rù. Ẹ̀yin àgbẹ̀ ni mo fẹ́ bi. Tí wọ́n bá yá yín ní ilẹ̀ fún ọdún kan péré, tí ẹ ò mọ̀ bóyá ẹ máa tún un yá, ṣé ẹ máa gbin ọ̀pẹ sí i? Pobè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ti ní ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ láti 1922. Ẹni tó bá ti lọ ra ọ̀pẹ kékeré níbẹ̀ rí mọ̀ pé èèyàn máa dúró ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta kó tó rí èso. Lórí ilẹ̀ ọlọ́dún kan, àgbàdo lẹ máa gbìn, ẹ ó kó o, ẹ ó lọ. Bí ilé iṣẹ́ ṣe ń wo ọmọ wa lábẹ́ òfin yẹn nìyẹn. Kí ló máa mú un fi ọdún méjì kọ́ ẹni tí òun lè lé lóṣù tó ń bọ̀? Ọmọ náà, kí ló máa mú un dúró ti ẹni tí kò ṣèlérí nǹkan kan fún un?

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan gba BAC D, ó tún kàwé ọdún mẹ́ta lé e. Láàárín ọdún méjì, ó ṣe ohun tí wọ́n ń pè ní stage ní ibi mẹ́ta ní Kútọnu. Ẹ má bi mí ní orúkọ wọn, kò ṣe pàtàkì, bákan náà ni gbogbo wọn rí. Ní ibi àkọ́kọ́, fọ́tókópì ló ń ṣe. Ní ibi kejì, wọ́n fún un ní owó ọkọ̀ tí kò tó ìdajì owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba fi lélẹ̀, èyí tó jẹ́ 52 000 CFA láti 2023. Ní ibi kẹta, ó kọ́ṣẹ́ díẹ̀ torí ọ̀gá kékeré kan fẹ́ràn rẹ̀. Nígbà tí oṣù mẹ́fà pé, wọ́n ní kó máa lọ, wọ́n mú ẹlòmíì wọlé tí wọn ò ní sanwó fún. Ilé iṣẹ́ yẹn náà wà lára àwọn tó ń sọ pé àwọn ò rí òṣìṣẹ́. Ìjọba gan-an, nípasẹ̀ ANPE, ní ètò PSIE tó ń fi àwọn ọ̀dọ́ tó ní dìplómà sí ilé iṣẹ́, tó sì ń gbé ìnáwó wọn. Ó ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n mi ò rí ìdí tí owó ìlú á fi máa san owó oṣù òṣìṣẹ́ fún ọ̀gá tí kò ṣèlérí pé òun máa mú ẹnikẹ́ni nínú wọn.

Ẹ wá sọ fún mi pé ọ̀lẹ ni àwọn ọmọ wa. Ta ló ń gbé kpayo gba ọ̀nà oko lóru, tí gálọ́ọ̀nù yí ọ̀kadà ká bí ilé eèrà? Mi ò yin iṣẹ́ yẹn, a ti sin ọmọ tí iná jó. Mo kàn ní kí ẹ wo ohun tí ọmọ náà mọ̀. Ó ń ṣírò náírà sí CFA lórí, láìlo bírò. Nígbà tí Nàìjíríà ti bọ́dà pa ní oṣù kẹjọ 2019, títí di oṣù kejìlá 2020, ó wá ọ̀nà míì jẹun. Nígbà tí Ààrẹ Tinubu yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, tí kpayo gbówó lórí lójijì, ó tún yí ọwọ́ padà. Ó gbọ́ Yorùbá, ó gbọ́ Gùn, ó gbọ́ Faransé ilé ìwé, ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ọjà. Ṣé irú ọmọ yẹn ni kò ní lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń fa wáyà íntánẹ́ẹ̀tì, bí wọ́n ṣe ń tún fóònù ṣe, bí wọ́n ṣe ń to sólà sórí ilé?

Nǹkan kan tún wà tí a kì í sọ. Àwọn ilé iṣẹ́ wọ̀nyí ní òṣìṣẹ́ lọ́dọ̀ wa. Wọn ò kàn pè wọ́n ní òṣìṣẹ́ ni. Ẹ wo àwọn ọmọbìnrin tó jókòó sábẹ́ agbòòrùn létí títì, tí wọ́n ń fi owó ránṣẹ́ fún gbogbo ìlú lórí fóònù. Láìsí wọn, kò sí MoMo kankan ní Oko-Akarè. Wọ́n ń gba owó, wọ́n ń ka owó, wọ́n ń ṣàlàyé fún ìyá arúgbó pé nọ́mbà àṣírí rẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń pè sókè láàárín ọjà. Ìdá kékeré lórí owó tó bá gba ọwọ́ wọn kọjá ni èrè wọn, òjò wọn ni, oòrùn wọn ni. Ọmọbìnrin tó ti ṣe ìyẹn fún ọdún mẹ́rin mọ ohun tí oníbàárà ń fẹ́ ju ọ̀gá tó wà nínú ẹ̀rọ amúlétutù lọ. Ta ló ti pè é rí pé: wá sínú ilé, wá kọ́ ìdí ẹ̀rọ tí ò ń lò?

Àwọn kan máa dá mi lóhùn. Mo ti gbọ́ èsì wọn tẹ́lẹ̀. Wọ́n á ní tí ilé iṣẹ́ bá kọ́ ọmọ tán, á sá lọ Èkó tàbí Pàrís. Ó lè lọ lóòótọ́. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ aránṣọ náà ń lọ, ìdí tí wọ́n fi ń ṣe libération nìyẹn! Ọ̀gá mọ̀ láti ọjọ́ kìíní pé ó máa lọ, ó sì gbà á, torí ní ọdún kejì àti ọdún kẹta, iṣẹ́ tí ọmọ náà ń ṣe ti san ohun tí ó bà jẹ́ ní ọdún kìíní padà. Tí ilé iṣẹ́ bá ń bẹ̀rù, kó kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ọmọ á fi ọdún méjì sìn lẹ́yìn òmìnira, kó sì san owó gidi fún un ní ọdún méjì náà. Tí gbogbo wọn bá ń kọ́ni, ẹni tó bá lọ lọ́dọ̀ tìrẹ, ẹlòmíì á wá láti ọ̀dọ̀ onítọ̀hún.

Wọ́n á tún ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kì í ṣe aṣọ rírán, ó ń fẹ́ ìṣirò, ó ń fẹ́ BAC. Apá kan rẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, mi ò jiyàn. Ẹni tó máa ṣe ètò tí báńkì ń lò gbọ́dọ̀ kàwé gan-an. Ṣùgbọ́n mélòó ni irú ẹni yẹn nínú ilé iṣẹ́ kan? Àwọn tó ń gun òpó tẹlifóònù ń kọ́? Àwọn tó ń dá oníbàárà lóhùn, àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe, àwọn tó ń to àkọsílẹ̀, àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ètò tuntun ń ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó gbé e síta? A sì ní àwọn ọmọ tó gba BAC C àti BAC D ní àárín wa, wọ́n ń wa zém.

Nítorí náà, àbá tèmi rèé, mo kọ ọ́ síbí kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mi ò sọ ọ́. Kí a má fi fránkì kan san owó ìwé ẹ̀rí olóṣù mẹ́ta. Kí a mú ọmọ mẹ́rin péré dípò mẹ́wàá, méjì lọ́kùnrin, méjì lóbìnrin. Owó ẹgbẹ́ á san ilé àti oúnjẹ wọn fún ọdún kìíní, torí ebi ló ń lé ọmọ wa kúrò nídìí ẹ̀kọ́, kì í ṣe òpè. Ọ̀gá tó bá gbà wọ́n kò ní gba owó lọ́wọ́ wa, kò sì ní san owó oṣù fún wọn ní oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, kó bẹ̀rẹ̀ sí í san. Àdéhùn á wà ní ìwé, ní Faransé àti ní Yorùbá, wọ́n á fọwọ́ sí i lójú òbí àti lójú aṣojú mẹ́rì Adja-Ouèrè, bí a ti ń ṣe fún àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ yòókù.

Ibo la ti máa rí ọ̀gá? Ibi tó sún mọ́ wa jù lọ ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń tún fóònù ṣe àti àwọn tó ń to sólà wà ní Ikpinlè, wọ́n wà ní Pobè. Ọ̀gá ni wọ́n, bí wọn ò tiẹ̀ so táì mọ́rùn. Lẹ́yìn náà ká kọ̀wé sí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá. Ẹ má rò pé a ò ní agbára kankan lọ́wọ́. Orí ilẹ̀ wa ni wọ́n ń ri òpó sí, àwọn olórí wa ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó rí i, ọjọ́ ọdún wa ni wọ́n ń wá gbé àsíá wọn kọ́ sí. Èyí tó bá fẹ́ ilẹ̀ wa tàbí ọjọ́ ọdún wa, kó sọ ọmọ mélòó ló máa gbà. Kí ẹgbẹ́ sì bá ṣẹ́ẹ̀fù àróńdísìmá wa àti àwọn agbanímọ̀ràn kọ́múùnù sọ ọ́, kí wọ́n fi yàrá kan ní Oko-Akarè sínú ètò ìdàgbàsókè kọ́múùnù, yàrá tó ní sólà tirẹ̀, torí a mọ bí iná SBEE ṣe ń lọ tó ń bọ̀. Àwọn aṣòfin tó ń wá tọrọ ìbò lọ́wọ́ wa, ẹ bi wọ́n nípa òfin 2017 yẹn. Ẹ bi wọ́n ìdí tí ilé iṣẹ́ tí ìjọba ń bá sanwó àwọn ọmọ stage kò fi gbọ́dọ̀ gba ìdá kan nínú wọn síṣẹ́ pátápátá.

Ẹ̀yin ọmọ wa tó wà nídìí iṣẹ́ yìí ní Èkó, ní Lọ́ńdọ̀nù, ní Amẹ́ríkà, ẹ kú ìnáwó, a ń rí owó tí ẹ ń fi ránṣẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí, wákàtí kan lọ́sẹ̀ ni mo ń tọrọ. Ẹ jókòó pẹ̀lú ọmọ kan lórí fóònù, ẹ fún un ní iṣẹ́ gidi tí ẹ̀yin fúnra yín ń ṣe, kó bà á jẹ́, kí ẹ tún un ṣe pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ̀yin náà, ẹnì kan ló ṣe é fún yín.

Ní ìpàdé gbogbogbòò tó ń bọ̀, mo máa dìde, mo máa ní kí a fi àbá méjèèjì sí ìbò, ọwọ́ nínàró, kí gbogbo èèyàn rí i. Ẹni tó bá fẹ́ràn àbá olóṣù mẹ́ta, kó mú orúkọ ilé iṣẹ́ kan wá, ẹyọ kan péré, tó ti kọ ọ́ sínú ìwé pé òun máa gba àwọn mẹ́wàá náà lọ́jọ́ tí wọ́n bá gba ìwé ẹ̀rí. Tó bá mú un wá, èmi ni mo máa kọ́kọ́ na ọwọ́ fún un.